Orrin Shank, Ẹni Tó Ń Wo Ọwọ́ Kó Tó Wo Ìbọn

Bí ìbọn ìléwọ́ rẹ bá ń há, tí o sì fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ Orrin Shank ní Tanner's Gap, má fọ̀ ọ́. Mo tún un sọ, má fọ̀ ọ́. Gbogbo wa níbí la ti ṣe àṣìṣe yẹn rí. Ojú a máa tini láti gbé ìbọn tí èéfín ti bò lọ bá ẹni tó mọ iṣẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń sáré gbálẹ̀ nítorí pé nọ́ọ̀sì ń bọ̀ wá wo aláìsàn. A ó jókòó sídìí tábìlì, a ó fi òróró àti àkísà nù ún títí yóò fi máa dán, a ó wá gbé e lọ tìyangàn-tìyangàn. Orrin á gbà á, á yí i po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á ní, "O ti nu ẹ̀rí nù. Kí lo wá fẹ́ kí n wò báyìí?" Á dá a padà fún ọ, á ní kí o lọ yìn ín nígbà àádọ́ta kí o tó padà wá.

Ó lé èmi náà padà lẹ́ẹ̀mejì. Lyle Brandt ni mí. Mo wa bọ́ọ̀sì ilé ìwé fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, kò sì sí ọmọ tó dán irú ẹ̀ wò pẹ̀lú mi. Inú bí mi débi pé n kò kí Orrin fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ṣùgbọ́n tìbínú-tìbínú náà ni mo fi padà lọ, nítorí pé ní gbogbo orí òkè Pennsylvania tí mo mọ̀, n kò tíì rí ẹni tó mọ ìdí tí ìbọn fi ń há tó ọkùnrin yìí.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rọ bóòtù àti nọ́ọ̀tì. Nígbà tí wọ́n ti ibẹ̀ pa, ó ra ẹ̀rọ ìgbẹ́rin kan lára àwọn tí wọ́n tà ní gbàǹjo, ó gbé e sínú búkà onípákó lẹ́yìn ilé rẹ̀, níbi tí Nadine ìyàwó rẹ̀ máa ń tọ́jú irúgbìn sí. Nadine ti kú ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Àwọn páálí irúgbìn tòmátò rẹ̀ ṣì wà lórí pẹpẹ, láàárín àwọn ayùn àti àwọn ìgò òróró, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ sún wọn. Kò sí pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá ń wá Orrin, òórùn kọfí ni yóò fi mọ̀ ọ́n.

Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ a máa sú àwọn tí wọ́n ń kánjú. Kò ní fọwọ́ kan ìbọn. Yóò kọ́kọ́ bi ọ́ pé mágásíìnì wo, ìyẹn àpótí kékeré tí ọta ń wà, ló wà nínú ẹ̀ nígbà tó há, ìkíní ni àbí ìkẹta. Bí o bá ní o ò mọ̀, yóò gbé ọ̀dà funfun, yóò kọ nọ́ńbà sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, yóò ní kí o lọ mọ̀ ọ́n wá. Yóò béèrè irú ọta tí o rà. Yóò ní kí o kó ìkarahun àwọn ọta tí o ti yìn wá, yóò tò wọ́n síwájú fèrèsé, yóò fi awò wo ìdí wọn bí ìgbà tí bàbá àgbà ń ka lẹ́tà. Lẹ́yìn náà ni yóò fún ọ ní àwọn ọta oníke tí kò lè dún, yóò ní kí o ki ìbọn bí o ṣe máa ń kì í nílé. Ojú rẹ̀ kò ní kúrò lára ọwọ́ rẹ. "Bíńtín ni ẹ̀bi ìbọn nínú ọ̀rọ̀ yìí," ló máa ń wí. "Ọwọ́ ni mo fẹ́ rí."

Ní oṣù kìíní ọdún tó kọjá, Colleen Matusik yọ̀ ṣubú lórí yìnyín níwájú ilé epo, ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ sì dá. Ọlọ́pàá káúńtì ni Colleen. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń dá wa ọkọ̀ ká àwọn àfonífojì wọ̀nyí. Bí àgbọ̀nrín bá kọlu ọkọ̀ rẹ, bí ọkọ aládùúgbò rẹ bá mutí yó tó ń fọ́ nǹkan, Colleen ni yóò kọ́kọ́ dé. Kò ní iṣẹ́ mìíràn, kò sì fẹ́ òmíràn. Òfin wọn ni pé ní gbogbo ìgbà ìrúwé, ọlọ́pàá kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi ìbọn tó ń gbé kiri ṣe ìdánwò. Ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹ́ta yóò dá báàjì padà. Nígbà tí oṣù kẹta máa fi dé ìdajì, Colleen ti kùnà lẹ́ẹ̀mejì. Ìbọn rẹ̀ ló ń há láàárín ìdánwò, ọta tuntun á lọ fi orí sọ ìdí èyí tó ti dún, àwọn méjèèjì á wá há síbẹ̀ bí èèyàn sísanra méjì lẹ́nu ọ̀nà kan.

Sájẹ́ńtì Boyd Lesher ló ń darí ìdánwò náà. Ó ní ìbọn kò ní ẹ̀bi, pé ọwọ́ tó dá ni kò lókun mọ́, ìbọn sì nílò ọwọ́ tó le kó tó lè ṣiṣẹ́ rẹ̀ parí. Ọ̀rọ̀ náà kún ìlú. Ní ilé oúnjẹ, àwọn tí kò yin ìbọn rí láyé wọn ń fi ṣíbí júwe bí ọwọ́ ṣe yẹ kó le.

Lọ́jọ́ Monday, mo wà ní búkà Orrin tí mo ń mu kọfí rẹ̀ nígbà tí Colleen wọlé. Ó gbé àpótí ìbọn sórí tábìlì.

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Shank. Mi ò fọ̀ ọ́ o."

"O kú làákàyè. Ta ló kọ́ ẹ?"

"Èmi ni," mo dáhùn.

"Ìwọ tí mo lé bí adìyẹ," ni Orrin wí, kò tiẹ̀ wò mí. Ó kọjú sí Colleen. "Ọwọ́ wo ló dá?"

"Òsì ni."

"Èwo lo fi ń yìn ín?"

"Ọ̀tún. Ṣùgbọ́n Sájẹ́ńtì ní òsì ló ń ran ọ̀tún lọ́wọ́."

"Boyd sọ bẹ́ẹ̀? Boyd tó jẹ́ pé ìyàwó ẹ̀ ló máa ń bá a ṣí ìgò?" Orrin rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Gba ọta oníke yìí. Kì í bó o ṣe máa ń kì í."

Colleen ti mágásíìnì sínú ìdí ìbọn, ó fi ọwọ́ òsì di irin òkè ìbọn mú, ó fà á sẹ́yìn, ó jẹ́ kó lọ. Ó ṣe é dáadáa. Mo rí i pé ó fi eyín gé ètè, mo sì rò pé ìtìjú ni. Orrin náà rí i.

Ó wá tú ìbọn náà. Ó yọ irin òkè kúrò, ó mú ọta oníke kan, ó ti ìdí rẹ̀ sábẹ́ ìkọ́ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Iṣẹ́ ìkọ́ yẹn ni kó di ìdí ọta mú, kó sì fa ìkarahun rẹ̀ jáde lẹ́yìn tó bá ti dún. Orrin mi irin náà jẹ́jẹ́. Ọta já bọ́ sórí tábìlì.

"Ẹ rí i? Ó yẹ kó dì í mú. Gbogbo yín ń sọ pé ìbọn yìí kò lè jẹun. Báwo ló ṣe máa jẹun, nígbà tí kò tíì tu èyí tó wà lẹ́nu ẹ̀ dànù? Ẹ̀tẹ̀ lẹ fi sílẹ̀ tẹ́ ẹ ń pa làpálàpá."

Ojú Colleen là bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí ẹ̀. "Ṣé kì í ṣe ọwọ́ mi nígbà náà?"

"Ìkọ́ ló dẹ̀," ni Orrin wí. Ìdáhùn yẹn nìkan ló fún un.

Ó yọ ìkọ́ náà, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó dá a padà, ó tún mi í. Ọta náà dúró. A jáde sẹ́yìn ilé, níbi tí ó ti fi erùpẹ̀ mọ odi ńlá kan, Colleen sì yìn ín nígbà ogójì láìsí ìdíwọ́. Ó dì mọ́ Orrin. Orrin dúró gbagidi bí òpó, kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ ara rẹ̀ sí.

Lọ́jọ́ Wednesday, Colleen tún padà dé, ojú rẹ̀ wú. Ó ti fi gbogbo ọjọ́ Tuesday dánra wò, ó ń yìn ín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ju ọgọ́rùn-ún ọta lọ, nígbà tó sì fi máa di ìrọ̀lẹ́, ìbọn ti há lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Boyd gbọ́. Boyd ní kó lọ gba ìwé wá lọ́wọ́ Orrin. Bí Orrin bá kọ ọ́ pé ìbọn náà dára, a jẹ́ pé ọwọ́ ló kù, ọjọ́ Friday sì ni ìdánwò ìkẹta.

N kò rí i kí iṣẹ́ padà bá Orrin láàárín ọjọ́ méjì rí. Etí rẹ̀ pọ́n. Ó tú ìbọn náà láìsọ̀rọ̀, ó mi í, ọta já bọ́. Ó yọ ìkọ́, ó gbé e lọ síwájú fèrèsé, ó fi awò wò ó pẹ́, ó sì jókòó.

"Colleen, wá wo etí ìkọ́ yìí. O rí ibi tó ti ya díẹ̀? Kì í ṣe ọta tó ń jáde ló yà á. Èyí tó ń wọlé ni. Bí ọta bá ti inú mágásíìnì bọ̀, ìdí ẹ̀ á yọ́ gba abẹ́ ìkọ́ láti ìsàlẹ̀, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá fi ìka ju ọta sínú ihò, tó wá jẹ́ kí irin òkè já lù ú, ìkọ́ yẹn ní láti fi tipátipá fo ìdí ọta kọjá. Ìgbà kan, ó lè fara dà á. Bó bá di ojoojúmọ́, á kú." Ó bọ́ awò kúrò lójú. "Mi ò rí ọ kó o ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Monday. Ta ló ń fi ìka ju ọta sínú ìbọn yìí?"

Mo fẹ́ dá sí i, Orrin gbọ́wọ́ sókè sí mi.

"Èmi ni," ni Colleen wí. "Bí mo bá fi ọwọ́ òsì fa irin yẹn sẹ́yìn, ńṣe ló ń dà bíi kí n ké. Àti oṣù kìíní. Àràárọ̀ kí n tó bọ́ sójú ọ̀nà, ńṣe ni mò ń fi etí tábìlì ṣí i sílẹ̀, mo máa ju ọ̀kan sínú ihò, mo máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kó pa dé. Lánàá, ọ̀kọ̀ọ̀kan tí mò ń yìn yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe é."

"Dókítà ńkọ́?"

"Mo sọ fún un pé kò dùn mí mọ́."

Ọ̀rọ̀ wá dé ojú ẹ̀. Colleen bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí Orrin fi ìkọ́ tuntun sí i, kó kọ ọ́ sínú ìwé pé ìkọ́ ló bàjẹ́ àti pé òun ti pààrọ̀ ẹ̀, irọ́ kò sì ní sí nínú ẹ̀. Òun kò ní fi ìka ju ọta mọ́ láé. Òótọ́ ló sọ, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló mọ bí ìwé Orrin ṣe máa ń rí. Ìlà méjì ni: ohun tó ba ìbọn jẹ́, àti ohun tí òun ṣe sí i. Kò kọ ìlà kan láì kọ èkejì rí.

"Kọ́kọ́ dìde ná," ni Orrin wí. "Mú un sún mọ́ ikùn, ẹnu ẹ̀ síwájú. Gbé àtẹ́lẹwọ́ òsì lé orí irin òkè. Má fà á. Mo ní má fà á! Kí òsì dúró síbẹ̀ bí òpó irin, kó o fi ọ̀tún ti ìsàlẹ̀ síwájú, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn."

Irin náà ṣí. Colleen wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Kò dùn mí."

"Mo mọ̀."

"Ṣùgbọ́n ọ̀nà àwọn arúgbó nìyẹn, Ọ̀gbẹ́ni Shank. Bí àwọn yòókù bá rí mi, wọ́n máa fi mí ṣẹ̀sín."

"Arúgbó wo lo rí níwájú ẹ yìí?" Orrin na ọwọ́ méjèèjì sí i. Oríkèé ìka rẹ̀ wú bí atalẹ̀. Mo ti ń mu kọfí ọkùnrin yìí láti ọjọ́ pípẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Ọwọ́ yìí ló fi ń gbẹ́ ìkọ́ tí kò tó ìbú èékánná! "Ọdún mẹ́wàá rèé tí mi ò lè fa irin yẹn bíi tiyín. Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ti fi mí ṣẹ̀sín rí?"

Ó mú kó ṣe é nígbà ogójì. Mo kà á. Lẹ́yìn náà, ó mú ìkọ́ tuntun látinú agolo kan, ó jókòó sídìí rẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Á fi ayùn fá a lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á dá a padà sínú irin òkè, á ti ọta sí i, á mi í, á tún yọ ọ́. Bó bá le jù, ọta kò ní lè yọ́ gba abẹ́ rẹ̀. Bó bá dẹ̀ jù, yóò já bọ́. Kò sí ẹ̀rọ tó ń sọ fún un pé ó tó. Ó kàn dúró lójijì, ó ní, "Òun nìyẹn." Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wo fídíò lórí fóònù tí wọ́n ń pe ara wọn ní ọ̀gá, kí wọ́n wá wo èyí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Thursday, ó fún Colleen ní ìbọn àti ìwé. Kò lẹ ẹnu àpòòwé náà. Colleen kà á níwájú wa, ojú rẹ̀ pọ́n kankan. Orrin ti kọ ọ́ pé ẹni tó ni ìbọn ló ń fi ìka ju ọta sínú ihò, nítorí pé ọwọ́ òsì ń dùn ún, ìyẹn ló sì ba ìkọ́ jẹ́. Ó kọ ọ́ pé òun ti fi tuntun sí i, òun ti kọ́ ọ ní ọ̀nà mìíràn, òun sì rí i tó ṣe é nígbà ogójì láìsí ìrora.

"Ẹ ti pa mí," ni Colleen wí.

"Ìwé ẹ ni. Bó o bá fẹ́, fún Boyd. Bó ò bá fẹ́, iná wà nínú sítóòfù yẹn. Ṣùgbọ́n mi ò ní kọ òmíràn."

Ó jáde, ó fi ilẹ̀kùn sọ férémù. Èmi náà bínú dìde. Mo ní, "Orrin, ìkà ni ẹ́. Kí lo máa rí jẹ níbẹ̀? Ọdún mọ́kànlá ọmọ yẹn lo fẹ́ fi ìlà kan ṣoṣo bà jẹ́?"

Kò pariwo. "Lyle, bó bá jẹ́ pé òun nìkan ló wà lójú ọ̀nà, tí ìbọn há, ọwọ́ tó ń dùn ún yẹn ló máa fi tú u sílẹ̀. Bí kò bá rí i tú, ta ni kí n wá kọ̀wé sí? Ṣé ìyá ẹ̀ ni?"

Mo gbé fìlà mi, mo bá tèmi lọ.

Lọ́jọ́ Friday, èmi ni mo ń kọ máàkì ní pápá ìbọn, nítorí pé ẹgbẹ́ àwa ayìnbọn ìlú ló ni ibẹ̀. Orrin kì í wá wo ìdánwò ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo rí ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́nu géètì, ó jókòó sínú ẹ̀. Colleen bọ́ sí ìlà. Ó gbé ìbọn sún mọ́ ikùn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ di òkè mú, ó ti ìsàlẹ̀ síwájú. Ọlọ́pàá kan rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀. Mo bojú wò ó, ó dákẹ́. Colleen yin ọta mẹ́wàá àkọ́kọ́. Ó pààrọ̀ mágásíìnì. Ìkarahun ń fò jáde lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú kan náà ni gbogbo wọn ń bọ́ sí. Nígbà tí àádọ́ta pé, ìbọn kò tíì há lẹ́ẹ̀kan. Mẹ́rìndínláàádọ́ta wọlé.

Boyd Lesher kó ọwọ́ sápò. Ó ní, "Ó dáa, ìbọn náà ni. Mo ṣì ẹ́ wí, Matusik, má bínú. O yege. Gbàgbé ìwé Orrin, mi ò nílò ẹ̀ mọ́."

Mo rí ọwọ́ Colleen lórí àpò àyà rẹ̀. Nínú ọkàn mi mo ń pariwo pé, "Máa lọ, ọmọ yìí, máa lọ sílé!" Kò lọ. Ó fà á yọ, ó nà án sí i.

"Ẹ kà á ná, Sájẹ́ńtì."

Boyd kà á, ètè rẹ̀ ń mì. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì.

"Ṣé ó ń dùn ẹ́ nísinsìnyí?"

"Rárá, sà."

"Lọ́la ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀, sà."

Boyd mí kanlẹ̀. "Láti oṣù kìíní tí mo ti ń bi ọ́ nípa ọwọ́ yìí, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbà gbọ́ lẹ́nu ẹ nìyẹn. Lọ rí dókítà lọ́jọ́ Monday, kó o sì sòótọ́ fún un. Títí tó fi máa fọwọ́ sí i, o ò ní dá jáde, ẹnìkan á máa wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ. Báàjì ẹ ò kúrò níbi tó wà." Ó ká ìwé náà, ó wò yí ká, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Báwo lo ṣe ṣe ti ìsàlẹ̀ yẹn? Èjìká tèmi náà ò gbádùn."

Mo rìn lọ sẹ́nu géètì. Orrin yí gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Kò bi mí bóyá Colleen yege, kò sì bi mí bóyá ìbọn há.

"Ó fún un níwèé?"

"Ó fún un."

"Wọ́n gba báàjì ẹ̀?"

"Wọn ò gbà á, Orrin. Wọn ò gbà á."

Ó gbé orí lé ọwọ́ ọkọ̀, ó bú sẹ́kún. Kò sùn láti àná, ó ní, òun ń rò ó pé òun ti gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ. Èmi tí mo pè é ní ìkà lójúkojú, mo ṣí ilẹ̀kùn kejì, mo jókòó tì í títí ẹkún fi dá, ojú ń tì mí, inú mi sì ń dùn pé ọ̀rẹ́ mi ni.